Agbára Inú Ìwé, Agbára Ẹsẹ̀ Táyà

Bí ẹnìkan bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ ní Mafoluku ní Èkó, yálà ó bá alárinà pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Old Ewu Road ni o, tàbí ó mú mẹ́káníìkì rẹ̀ dání lọ wo ọkọ̀ náà lójúde ẹni tó ń tà á, ìbéèrè kan kì í gbẹ́yìn: pílọ́ọ̀gì mélòó ni? Pílọ́ọ̀gì mẹ́rin, a jẹ́ pé epo kò ní tètè tán. Pílọ́ọ̀gì mẹ́fà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní V6, a jẹ́ pé ọkọ̀ náà á sáré, owó epo á sì máa bá a sáré.

Nínú gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ń béèrè èyí nípa wọn, Toyota Camry tó jáde láàárín 2007 sí 2009 ló bá ọ̀rọ̀ wa mu jù lọ. Muscle ni Èkó ń pè é. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Georgetown ní ìpínlẹ̀ Kentucky, níbi tí Toyota ti ń ṣe Camry láti 1988. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, bí orúkọ ìdílé rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ti Japan. Àwọn ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ yẹn lọ́hùn-ún ni orí yìí dá lé: Pontiac GTO, Chevrolet Chevelle SS, Dodge Charger àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, V8 ńláńlá tó gbòde láàárín 1964 sí 1972. Wọn kì í gba Oshodi kọjá lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n fíìmù ti gbé òkìkí wọn dé ibi tí táyà wọn kò dé. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́káníìkì ń jiyàn lé wọn lórí, tí wọ́n ń ka nọ́ńbà agbára ẹ́ńjìnnì wọn lórí bí ẹni ń ka oríkì.

Nọ́ńbà yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò. Agbára tí wọ́n kọ sára ẹ́ńjìnnì kò tíì sọ ohunkóhun fún wa títí a ó fi béèrè bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n, ohun tó wà lórí ẹ́ńjìnnì náà nígbà tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n, àti irú afẹ́fẹ́ tó ń mí. Bí a bá béèrè, ìtàn àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí yí padà, ìbéèrè náà sì kan ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọkọ̀ tí ìwọ fúnra rẹ ń wà.

Ká mú GTO. General Motors ti pa á láṣẹ pé ọkọ̀ oníwọ̀n àárín kò gbọdọ̀ gbé ẹ́ńjìnnì tó ju nǹkan bíi lítà 5.4 lọ. John DeLorean, olórí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Pontiac, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wá ọgbọ́n kan dá. Wọn kò pe GTO ní ọkọ̀ tuntun. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí àfikún tí oníbàárà lè sanwó lé orí Tempest LeMans, wọ́n sì ki V8 oní-lítà 6.4 bọ inú rẹ̀. Nínú ìwé ìpolówó 1964, agbára ẹṣin 325 ni wọ́n kọ sí i. Ẹni tó bá fowó kún un á gba oníkábúrétọ̀ mẹ́ta, tí wọ́n kọ 348 sí.

James Watt, ọmọ Scotland, ló fi ẹṣin díwọ̀n iṣẹ́ ẹ̀rọ. Agbára ẹṣin kan ni agbára tó lè gbé nǹkan bíi kílò 76 sókè ní mítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wáàtì 746 là ń kà á sí lónìí. Nǹkan méjì ló pàdé di agbára yìí: ipá tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí ọ̀pá ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti iye ìgbà tó ń yí i láàárín ìṣẹ́jú kan. Wo alábàárù méjì nínú ọjà Oshodi. Ọ̀kan ru àpò méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ń rìn jẹ́jẹ́; èkejì ru àpò kan, ó lọ, ó bọ̀, ó tún ru ọ̀kan sí i láàárín àkókò kan náà. Iṣẹ́ wọn dọ́gba. V8 àtijọ́ ni alábàárù àkọ́kọ́, V6 inú Camry ni èkejì.

Ọ̀nà tí Amẹ́ríkà ń gbà wọn agbára nígbà náà ni wọ́n ń pè ní SAE gross; SAE ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ tó gbé ìlànà náà kalẹ̀. Wọ́n á yọ ẹ́ńjìnnì kúrò nínú ọkọ̀, wọ́n á gbé e ka orí ẹ̀rọ ìdánwò. Fáànù kò sí lórí rẹ̀. Asẹ́ afẹ́fẹ́ kò sí. Ọ́táníétọ̀ kò fa ẹrù kankan. Kò sí sáléńsà rárá; inú páìpù gbọọrọ tó ṣí sílẹ̀ gbayawu ni èéfín ń gbà jáde. Onímọ̀ ẹ̀rọ á dúró tì í, á máa yí àkókò tí iná pílọ́ọ̀gì ń ṣẹ́ padà ní ìpele eré kọ̀ọ̀kan, kí ẹ́ńjìnnì náà lè fún un ní gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀. Bí wọ́n bá parí, wọ́n á ṣírò èsì náà bí ẹni pé afẹ́fẹ́ yàrá yẹn wà ní dígírì 15.6, òtútù tí Mafoluku kì í sábà rí, àní nínú ọyẹ́ pàápàá.

N kò ní pe èyí ní irọ́, nítorí wọn kò fi ọ̀nà tí wọ́n gbà pa mọ́. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n wọ̀n kì í ṣe èyí tí wọ́n tà. Kò sí ẹni tó lè wa ọkọ̀ tí kò ní fáànù, tí kò ní sáléńsà, láti Oshodi dé Isolo.

Ní 1971, General Motors bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà méjì jáde fún ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan: ti àtijọ́, àti èyí tí wọ́n ń pè ní net, tí wọ́n wọ̀n pẹ̀lú fáànù, asẹ́ afẹ́fẹ́, ọ́táníétọ̀ àti sáléńsà bí wọ́n ṣe máa wà nínú ọkọ̀ gan-an. Ọdún yẹn níye lórí gidigidi fún ẹni tó bá ń wá òótọ́, torí ẹ́ńjìnnì kan náà ló ní nọ́ńbà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. V8 oní-lítà 7.4 tó lágbára jù nínú Corvette ọdún náà: 425 ní ọ̀nà àtijọ́, 325 ní ọ̀nà tuntun. Cadillac Eldorado, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi tó lítà 8.2: 365 di 235. Hemi oní-lítà 7 ti Chrysler, tí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ fi ń búra títí dòní: 425 di 350. Ní 1972, nọ́ńbà kejì nìkan ló kù nínú ìwé.

Kíyè sí i pé àdínkù náà kò dọ́gba. Hemi kò pàdánù tó ìdá kan nínú márùn-ún. Cadillac pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ó sinmi lé bí ọ̀nà èéfín ṣe fún tó àti ẹrù tí fánbẹ́ẹ̀tì ń fà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé "ẹ ṣáà yọ ìdá kan báyìí kúrò nínú nọ́ńbà àtijọ́" kò tíì ṣe ìṣirò kankan. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé ọkọ̀ Amẹ́ríkà kú lálẹ́ ọjọ́ kan ní 1972 nígbà tí wọ́n rí i bí nọ́ńbà ṣe já wálẹ̀. Ìwọ̀n ló kọ́kọ́ yí padà. Òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì fúnra wọn náà ń rọ̀: General Motors ti dín ìfúnpọ̀ inú sílíńdà kù ní 1971 kí ọkọ̀ lè máa lo epo tí kò ní òjé, òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti jáde ní òpin 1970, owó ìbánigbófò ń ga sí i fún àwọn ọ̀dọ́, ọ̀wọ́n epo October 1973 sì wá pa iná ọjà náà.

Nǹkan tó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé kì í ṣe sókè nìkan ni wọ́n ń ti nọ́ńbà. Chevrolet kọ 290 sí ẹ́ńjìnnì Camaro Z/28 ti 1967, èyí tí wọ́n ṣe ní nǹkan bíi lítà 5 kó lè bá òfin eré ìdíje Trans-Am mu, agbára rẹ̀ sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ford kọ 335 sí Cobra Jet oní-lítà 7 ní 1968, gbogbo ẹni tó bá a sáré ló mọ̀ pé kò jọ 335. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni L88 inú Corvette. Wọ́n kọ 430 sí i, wọ́n sì kọ 435 sí ẹ́ńjìnnì mìíràn nínú ọkọ̀ kan náà tí kò lè bá a dúró. Wọn kò fẹ́ kí ẹni tó ń wá ọkọ̀ ojú títì lásán ra L88, ẹ́ńjìnnì eré ìdíje. Wọ́n mú agbára rẹ̀ níbi tí kò tíì dé òkè, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, wọ́n sì dákẹ́. Ní tòótọ́ ó ju 500 lọ ní ìwọ̀n àtijọ́ yẹn. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ń ka ìwé ìpolówó, àwọn tó ń pín ọkọ̀ sí ìsọ̀rí fún eré ìdíje náà ń kà á. Àǹfààní wà nínú kíkọ púpọ̀, àǹfààní sì wà nínú kíkọ díẹ̀.

Àwọn ará Jámánì kò bá wọn dé ibẹ̀. Ìlànà DIN tiwọn ń wọn ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ohun tó wà lórí rẹ̀. Volkswagen Beetle 1500, Ìjàpá tí gbogbo wa mọ̀, jẹ́ 53 ní ìwọ̀n Amẹ́ríkà, ó sì jẹ́ 44 ní ìwọ̀n Jámánì. Ọkọ̀ kan náà, ẹ́ńjìnnì kan náà. Mercedes 911 tí àwọn alágbẹ̀dẹ ọkọ̀ wa kan ilé lé lórí tó fi di mólúè, ara orúkọ rẹ̀ ni ìwọ̀n rẹ̀ wà: tọ́ọ̀nù 9, agbára ẹṣin 110. Ìdá kan nínú mẹ́ta agbára GTO ni lórí ìwé, èrò Oshodi sì wà nínú rẹ̀ bámúbámú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo bọ̀wọ̀ fún nọ́ńbà kékeré tó jẹ́ òótọ́.

Ìdánwò kan wà tí olùpolówó kò lè fi ẹnu tàn. Jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra láti ìdúró lórí pápá eré, kó sá mítà 402, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì, kí o sì wo eré tó wà lára rẹ̀ bó ṣe kan ìlà ìparí. Kì í ṣe àkókò tó lò ni kí o gbọ́kàn lé jù, nítorí táyà tó ń yọ̀ tàbí awakọ̀ tí kò mọ jíà í yí lè ba àkókò jẹ́. Eré ìparí ló ń jẹ́rìí agbára, nítorí òun ló ń sọ iye iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ti ṣe sára ìwúwo ọkọ̀ náà. Roger Huntington, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé fún àwọn ìwé ìròyìn ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, lo irú ìṣirò yìí láti tú àṣírí àwọn nọ́ńbà náà. Bí a bá gbé e sí ìwọ̀n tiwa, ó rí báyìí: fi 289 pín eré náà ní kìlómítà láàárín wákàtí kan, mú èsì rẹ̀, fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí o tún fi í sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà, fi ìwúwo ọkọ̀ àti ẹni tó wà nínú rẹ̀, ní kílò, sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó bá jáde ni agbára ẹṣin tó ṣiṣẹ́ náà, ó sì máa ń sún mọ́ ìwọ̀n net.

Ìwé ìròyìn Motor Trend dán GTO 1964 olórùlé ṣíṣí wò, èyí tí wọ́n kọ 325 sí. Ó lo ìṣẹ́jú àáyá 15.8, eré rẹ̀ ní ìparí sì jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 150. Ká ní ọkọ̀, awakọ̀ àti ẹrù ìdánwò jọ wọn 1,720 kílò: ìṣirò wa fún wa ní nǹkan bíi 240. Agbára ẹṣin tó lé ní ọgọ́rin ti ṣẹ́ kù sórí ìwé.

Ìwé ìròyìn Car and Driver náà dán GTO wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní March 1964: ìṣẹ́jú àáyá 13.1, kìlómítà 185. Òkìkí GTO kan káàkiri láti ọjọ́ náà. Ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá wọn 1,600 kílò pẹ̀lú awakọ̀, ó ń béèrè agbára ẹṣin 420, lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì tí ìwé ìpolówó fúnra rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìfẹ̀ rẹ̀, kò kọ ju 348 sí. Ìwúwo àti eré nìkan ti tó láti sọ fún òǹkàwé ọdún náà pé nǹkan kan wà nínú ọkọ̀ yẹn tí wọn kò wí. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà ni Jim Wangers, ẹni tó ń ṣètò ìpolówó Pontiac tó sì kó ọkọ̀ náà fún wọn, jẹ́wọ́ pé ẹ́ńjìnnì oní-lítà 6.9 ni àwọn fi sínú rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Chevelle SS 454 ti 1970, ẹ́ńjìnnì LS6, tí wọ́n kọ 450 sí, sá dé nǹkan bíi kìlómítà 174 nínú ìdánwò ìwé ìròyìn Hot Rod, ní ìṣẹ́jú àáyá 13.4. Bí ọkọ̀ àti awakọ̀ bá tó 1,810 kílò, èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 395. Ọ̀gá ẹ́ńjìnnì ni, ní ọdún èyíkéyìí.

Ká wá padà sí Mafoluku. Camry Muscle oní-V6, lítà 3.5, ní agbára ẹṣin 268 ní ìwọ̀n net. Ọkọ̀ ìdílé ni, ó ń gbé ọmọ lọ sí iléèwé, ó ń gbé àpò ìrẹsì nínú búùtù. Nínú ìdánwò, láti ìdúró dé kìlómítà 97, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 6 ni. Mítà 402, 14 àti díẹ̀, eré ìparí sì sún mọ́ 158. Pẹ̀lú awakọ̀, ìwúwo rẹ̀ tó 1,655 kílò. Ìṣirò náà mú 270 jáde. Ohun tí wọ́n kọ ni ohun tó dé ilẹ̀, ó sì ju GTO tí Motor Trend wà lọ. Bí a bá pín in sí lítà, lítà kan nínú ẹ́ńjìnnì Camry ń mú 77 wá, ti GTO kò ju 38 lọ. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé Muscle tó pọ̀ jù ní ìgboro Èkó kì í ṣe V6. Oní-pílọ́ọ̀gì mẹ́rin ni, lítà 2.4, agbára ẹṣin 158, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ìṣẹ́jú àáyá 9 kó tó dé kìlómítà 97.

Kí ló fà á tí V6 Camry fi ju V8 GTO lọ? Fáàfù méjì ni V8 àtijọ́ ní fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún afẹ́fẹ́ àti epo, ọ̀kan fún èéfín. Mẹ́rin ni Camry ní, ẹ̀rọ rẹ̀ sì lè yí àkókò tí wọ́n ń ṣí padà bí eré ṣe ń yí padà. Kábúrétọ̀ ń fi ojú díwọ̀n epo. Bíréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà inú Camry, ń wọn afẹ́fẹ́ tó wọlé, ó sì ń fún un ní epo tó tó o gẹ́lẹ́. Jíà mẹ́fà ló wà nínú Camry V6 náà, nítorí náà ẹ́ńjìnnì kì í jìnnà sí ibi tí agbára rẹ̀ wà. Táyà tí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń lò nígbà náà kò lè di ilẹ̀ mú bíi tòde òní, bíréèkì dírọ́ọ̀mù ni GTO 1964 sì fi ń dúró nídìí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ti ìdúró, èmi kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí mo fẹ́ràn tẹ̀ lé mólúè pẹ̀lú rẹ̀ ní Cele.

Síbẹ̀, ẹni tó ti jókòó nínú V8 ńlá kan kò ní gbà pé Camry jọ ọ́, ó sì tọ̀nà. Ipá ìyípo LS6, ní ìwọ̀n gross, jẹ́ nǹkan bíi 678 níútìn-mítà ní yíyípo 3,600. Ti Camry jẹ́ 336, ní 4,700. Alábàárù àkọ́kọ́ yẹn kò nílò kó sáré kó tó gbé ẹrù. O kàn fọwọ́ kan ẹsẹ̀ epo, ọkọ̀ náà á sì gbé ọ lọ láìbéèrè jíà mìíràn, ohùn rẹ̀ á sì jinlẹ̀ títí wọ àyà. Ohun gidi tí wọ́n ní nìyẹn, ó dára, kò sì nílò àsọdùn ìwé ìpolówó.

Epo tí wọ́n ń mu kò sí mọ́, ó sì yẹ ká dúpẹ́. Bí pístọ̀nù bá ṣe ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó ń jáde ṣe ń pọ̀ tó, títí dé ibi tí epo náà á fi máa gbiná fúnra rẹ̀ láìdúró de pílọ́ọ̀gì. Ariwo kíkankan á bẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń da ìṣó sínú agolo, orí pístọ̀nù á sì máa jẹ. GTO ń fún un pọ̀ ní ìlọ́po 10.75, LS6 ní 11.25. Kí epo lè gbà á, wọ́n ń da òjé sí i, àbá tí Thomas Midgley rí ní 1921 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ fún General Motors. Òjé náà ń bá èéfín jáde, ó ń balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó ń wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé, ó sì ń ba ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà jẹ́. Ní June 2001, àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Áfíríkà wa pàdé ní Dakar, wọ́n pinnu láti mú un kúrò. Nígbà tí 2006 wọlé, gúúsù Sàhárà ti jáwọ́ nínú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Oshodi lẹ́yìn ìgbà náà kò mí èéfín olójé tí àwọn òbí rẹ̀ mí. Ìfúnpọ̀ Camry V6 jẹ́ 10.8, ó ju ti GTO lọ, epo lásán ló sì ń lò. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń tẹ́tí sí ariwo kíkankan yẹn lára ẹ́ńjìnnì ni bíréènì bọ́ọ̀sì ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, tí á fi dá iná pílọ́ọ̀gì dúró díẹ̀ kó tó di ewu. Bí epo tí o rà kò bá dára, ẹ́ńjìnnì á fi agbára díẹ̀ sílẹ̀ láti dáàbò bo ara rẹ̀, o sì lè máà mọ̀.

Afẹ́fẹ́ ló kù, ibí yìí ni Èkó ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Láti jó kílò epo kan, ẹ́ńjìnnì nílò nǹkan bíi kílò 14.7 afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́lẹ́, ọ́síjìn inú rẹ̀ sì dín. Ọ̀rinrin tún ń gba àyè ọ́síjìn. Àwọn awakọ̀ òfurufú tó ń gbéra ní pápákọ̀ Murtala Muhammed, tó wà lẹ́yìnkùlé Mafoluku, kì í fi èyí ṣeré: wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ooru ọjọ́ náà àti ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó ṣírò ibi tí bàálù máa dé lórí ilẹ̀ kó tó gbéra. Ìlànà SAE tòde òní ń wọn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ní dígírì 25. Ní ọ̀sán Èkó, bí ooru bá jẹ́ dígírì 32 tí ọ̀rinrin sì pọ̀, ìṣirò SAE kan náà sọ pé nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 agbára ti lọ. Bí a bá fi wé òtútù tí wọ́n fi ṣírò nọ́ńbà àtijọ́, ó sún mọ́ ìdá 7. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní abẹ́ afárá Oshodi ni ó tún burú sí i, torí afẹ́fẹ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ń gbóná ju ti ìta lọ fíìfíì. Ìtòsí òkun ni a wà, ìyẹn ń ràn wá lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì kan náà ní Jos, ní nǹkan bíi mítà 1,200 sókè, á pàdánù ju ìdá 10 nínú 100 lọ kó tó di pé ooru dá sí i.

Ìwọ̀n fúnra rẹ̀ kò sì dúró sójú kan. Camry Big Daddy, èyí tó ṣáájú Muscle, oní-V6, lítà 3, jẹ́ 210 nínú ìwé 2005. Ní 2006, lẹ́yìn tí SAE ti tún ìlànà rẹ̀ ṣe kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ má baà máa yan ohun tó wù wọ́n nínú ìdánwò, ọkọ̀ kan náà di 190. Ẹnikẹ́ni kò yọ nǹkan kan kúrò nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí alárinà bá sọ fún ọ pé ti 2005 lágbára ju ti 2006 lọ, o ti mọ ohun tí o máa dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí tí mi ò lè ṣaláìsọ. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló ń pàdánù kátálísítì rẹ̀, ohun tó ń dín májèlé inú èéfín kù, kété tó bá wọ̀lú. Wọ́n ń gé e tà nítorí irin olówó iyebíye inú rẹ̀, wọ́n á sì sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ pé ọkọ̀ á túbọ̀ fúyẹ́, á túbọ̀ sáré. Agbára tí ọkọ̀ òde òní ń rí níbẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí wọ́n ti ṣe ọ̀nà èéfín rẹ̀ fẹ̀ tó fún un. Májèlé tí ń jáde ni kì í ṣe kékeré. Báńkì Àgbáyé ṣírò pé afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí pa nǹkan bí ènìyàn 11,200 ní Èkó ní 2018 nìkan. Èéfín ọkọ̀ wà lára ohun tó fà á, àwọn tó ń tajà ní ẹ̀gbẹ́ títì ní Bolade àti Mafoluku ló sì ń mí in jù.

Ní ti oní-pílọ́ọ̀gì mẹ́rin, lítà 2.4, tó kún ìgboro: àìsàn rẹ̀ ni kó máa jẹ ọ́ìlì. Ríìnì ọ́ìlì inú rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ pístọ̀nù, ọ́ìlì á gba ibẹ̀ gòkè, á jó. Toyota fúnra rẹ̀ na àkókò tó fi ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àǹfààní yẹn kò bá tòkunbọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Nítorí náà, kí o tó sanwó, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí mẹ́káníìkì rẹ tú pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó fi géèjì wọn ìfúnpọ̀ sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá rẹlẹ̀ gan-an sí àwọn yòókù, kó da ọ́ìlì díẹ̀ sínú sílíńdà yẹn, kó tún un wọ̀n. Bí nọ́ńbà bá gòkè lẹ́yìn ọ́ìlì, ríìnì tàbí ara sílíńdà ló jẹ; bí kò bá gòkè, fáàfù ni kí ẹ wò tàbí gáskẹ́ẹ̀tì orí. Ṣùgbọ́n ríìnì ọ́ìlì lè ti lẹ̀ kí ìfúnpọ̀ ṣì dára, torí náà fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, wo ibi tí ọ́ìlì dé, kí o tún un wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti wà á jìnnà díẹ̀. Wo imú sáléńsà pẹ̀lú nígbà tí wọ́n bá tẹ epo lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti dúró gbéré fún ìgbà díẹ̀. Èéfín tó bá ní àwọ̀ búlúù níbẹ̀, ọ́ìlì ló ń jó.